Bí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Kọ̀ Láti Sítáàtì Lówúrọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ bá kọ̀ láti sítáàtì lówúrọ̀ ọyẹ́, ẹ má tètè dẹ́bi fún pọ́ọ̀ǹpù epo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Epo tó tutù kì í tètè di oru tí iná lè mú. Ìdí nìyí tí ṣóòkù fi ń dín afẹ́fẹ́ kù; ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń pa dé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan. Bí epo bá rin ín, àìtaná púlọ́ọ̀gì tàbí àpọ̀jù epo ni kí ẹ wá. Bí ó bá gbẹ, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ta, ẹ ki rọ́bà epo kábúrétọ̀ bọ ìgò, kí ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí epo bá tú jáde dáadáa, pọ́ọ̀ǹpù jàre. Ẹ wo kábúrétọ̀. Bí kò bá jáde, ẹ yẹ táǹkì, asẹ́ àti rọ́bà wò ṣáájú pọ́ọ̀ǹpù.

Ẹ jìnnà sí iná. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo láé: bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ọkọ̀ ṣeé tún rà. Ẹ̀mí kò ṣeé rà.