Pánkéèkì Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Lé

Atọ́kùn ètò kan ń sọ ìtàn fíìmù àtijọ́ lórí rédíò, ló bá ní Lon Chaney "lé pánkéèkì" sójú nínú The Phantom of the Opera, fíìmù ọdún 1925. Gbólóhùn kan, àṣìṣe méjì. Tìróò là ń lé, láàlì là ń lé. Osùn, àtíkè àti pánkéèkì, kíkùn là ń kùn wọ́n. Ta ló gbọ́ "lé osùn" lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí?

Èkejì ló dùn mí jù, nítorí ìtàn ló bà jẹ́. Lọ́dún 1925, wọn ò tíì bí pánkéèkì. Ọ̀dà tí wọ́n fi ọ̀rá pò ni àwọn òṣèré ń kùn. Orí ìtàgé ni wọ́n ti gbé e wá. Ó nípọn, bí kámẹ́rà bá sì ti sún mọ́ ojú, á máa sán bí ògiri tí òòrùn pa. Max Factor, ọmọ Pólándì tó ń ṣe wíìgì, ló po èyí tó fẹ́lẹ́ fún fíìmù ní Los Angeles lọ́dún 1914. Fíìmù ìgbà yẹn kì í sì í rí pupa: ètè tí wọ́n kùn ní pupa á di dúdú kirikiri.

Ìgbà tí fíìmù aláwọ̀ Technicolor dé lọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀rá ń dán lábẹ́ iná, àwọ̀ aṣọ tó wà nítòsí sì ń hàn lójú òṣèré. Ilé iṣẹ́ Factor wá ṣe àtíkè tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú agolo pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń fi kànìnkànìn tó rin omi kùn, tí kì í dán. Pan-Cake ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n lò ó nínú Vogues of 1938, tó jáde ní 1937. Wọ́n ní àwọn obìnrin inú fíìmù náà ń jí i lọ sílé; nígbà tó di 1938, ó ti dé ọjà.

Orúkọ ọjà kan ṣoṣo nìyẹn o, bíi Maggi. Ní tèmi, àtíkè ì bá tó wa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti gbà á wọlé. Ohunkóhun tí ìyàwó bá kùn sójú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pánkéèkì ni. Mo gbà, ó ti di tiwa.

Chaney ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa ojú ara rẹ̀ dà, débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin atọ́kùn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé Chaney paradà.