Àlejò Durham, Pápá Àtijọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà Sí

Àṣìṣe kan náà ni àlejò máa ń ṣe ní Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Wọ́n á dé pápá bésíbọ́ọ̀lù tó wà ní òpópónà Blackwell, wọ́n á dúró síwájú pátákó akọ màlúù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sílé pé àwọn ti dé ibi tí wọ́n ti ya fíìmù Bull Durham. Irọ́ ni! 1988 ni fíìmù tí Kevin Costner ti kópa náà jáde. 1995 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pápá yẹn. Durham Athletic Park, pápá àtijọ́, ni ilé ikọ̀ Durham Bulls nínú fíìmù náà, kò sì ju nǹkan bíi máìlì kan lọ síbẹ̀. Ẹni tó ní bàtà lẹ́sẹ̀ kò nílò takisí.

Tábà ló bí orúkọ ikọ̀ náà. Tobacconists ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, ó sì di Bulls ní 1913, látara Bull Durham, tábà tó sọ ìlú náà di olókìkí. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí kì í sú àwọn onílé. Wọ́n ní John Green, ẹni tó ń ṣe tábà náà, jókòó ti oúnjẹ lọ́jọ́ kan, ó sì rí orí akọ màlúù lára ìgò mọ́sítáàdì Colman's. Ó rò pé Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní bí Durham ọ̀hún bá ní akọ màlúù, Durham tòun náà kò ní ṣàìní. Norwich sì ni wọ́n ti ń ṣe mọ́sítáàdì ọ̀hún o!

Ní pápá àtijọ́, kí àlejò fara balẹ̀. El Toro Park ni orúkọ rẹ̀ ní 1926, nígbà tí Kenesaw Mountain Landis, olórí bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gun akọ màlúù gidi wọ inú pápá lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Olórí bésíbọ́ọ̀lù lórí màlúù! Iná jó ìjókòó onígi rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1939, wọ́n sì tún un kọ́. Joe Morgan, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Oakland, gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1963, lásìkò tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì gbilẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó pàpà di ọ̀kan lára àwọn akọni tí ilé ọlá bésíbọ́ọ̀lù gbà wọlé ní 1990.

Lẹ́yìn 1971, ikọ̀ náà dákẹ́. Miles Wolff ló jí i dìde: owó tó fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tó 3,000 dọ́là, wọ́n sì padà sórí pápá ní 1980. Àwọn tó ya fíìmù Bull Durham ló gbé pátákó akọ màlúù tó ń fọn èéfín nímú wá. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ sọ pé ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá bà á yóò gba sítéèkì.

Láti 1998 ni Bulls ti wà ní Triple-A, ìpele tó kángun sí líìgì àgbà, lábẹ́ ikọ̀ Tampa Bay. Akọ màlúù wà lókè ògiri aláwọ̀ búlúù ní pápá tuntun, ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 32. Wọ́n ti fi nọ́ńbà 8 sípamọ́ fún Crash Davis, ẹ̀dá inú fíìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Crash Davis gidi kan gbá bọ́ọ̀lù fún Bulls ní 1948.

Tíkẹ́ẹ̀tì? Owó rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Kí ẹni tó ń bọ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù.

Èyí tó ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀ dídìde. Ẹni tó ra ẹ̀pà àti ọtí tó fẹ́ padà sí ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn títí ẹni tó di igi mú yóò fi parí tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá níwájú ẹni tó ń wò, àní kó tilẹ̀ tẹ̀ ba, kó máa bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀, wọ́n á máa rọ́ lọ láàárín ìlà, ọtí á máa dà sórí orúnkún àgbàlagbà. Ojú tí àwọn onílé á fi wò wọ́n kò nílò ìtumọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ṣìnà wọ àárín èrò, tí àgbà bá mú un, ọmọdé tó wà nítòsí ni kó fún.

Ní ti oúnjẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rọra yan fún wákàtí púpọ̀, tí wọ́n bu fínígà àti ata sí, ni oúnjẹ Carolina. Kí wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n tó wọlé, kí ọwọ́ wọn lè ṣófo nígbà tí bọ́ọ̀lù kan bá fò gba ọ̀nà ògiri búlúù lọ, tí ojú akọ màlúù pọ́n, tí ìrù rẹ̀ ń jù, tí èéfín ń rú jáde ní ihò imú rẹ̀.