Nígbà Tí Ẹbí Bá Péjọ Láti Tu Ni Nínú

Bíbélì Kíkà: Jóòbù 2:11-13, 19:13-19, 42:10-11
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Róòmù 12:15

Nígbà tí àìsàn bá wọlé, tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ojú ẹbí ni a kọ́kọ́ máa ń wò. Jóòbù pẹ̀lú wò wọ́n, kò rí wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ 10 ti kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, oówo sì bo gbogbo ara rẹ̀. Ní orí 19, ó sọ ohun tí ó dùn ún jù: àwọn ará ilé rẹ̀ ti takété sí i.

1. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá a jókòó ní ilẹ̀ fún ọjọ́ 7, tọ̀sán-tòru, wọn kò sọ̀rọ̀. Èyí dára. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ìtùnú wọn di ẹ̀gún. Olùfẹ́, ǹjẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé ẹbí wa máa ń rí nígbà mìíràn? A ní a wá kí aláìsàn, a sì ń bèèrè ẹni tí ó ṣe é. Òkú kò tí ì wọ ilẹ̀, a ti ń jà sí ogún. Opó tí ń sunkún ni yóò sì wá oúnjẹ fún wa.

2. Àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ní orí 42, gbogbo arákùnrin àti arábìnrin Jóòbù wá. Wọ́n bá a jẹun, wọ́n bá a kẹ́dùn, olúkúlùkù sì mú owó àti òrùka wúrà lọ́wọ́. Ọlọ́run ti dá ọrọ̀ rẹ̀ padà kí wọ́n tó dé, síbẹ̀ ìtùnú wọn ṣì wúlò: màlúù àti ràkúnmí kò lè bá ọlọ́fọ̀ jókòó. Jóòbù kò sì tìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ohun tí a ó ṣe. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni a máa ń kí ọlọ́fọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó mọ sí ẹnu. Gbé oúnjẹ lọ. Dín ìbéèrè kù. Padà lọ nígbà tí èrò ìsìnkú bá ti túká. Bí o bá ti pẹ́ jù, lọ lónìí. Bí ìwọ ni a pa tì, tí wọ́n sì wá nígbẹ̀yìn, ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ba ìtùnú àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jẹ́?
2. Ta ni nínú ẹbí rẹ ni ó yẹ kí o lọ bá jókòó ní ọ̀sẹ̀ yìí?