Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: Bí Ẹ̀rọ bá Ń Ṣiṣẹ́ Ìjọba, Ta Ni Yóò Dáhùn fún Un?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ṣe wọ inú iṣẹ́ ìjọba. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo bí ó ṣe dé inú ètò ìdìbò wa, iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀, ibi tí ó ti lè ṣàṣìṣe, àti ẹ̀tọ́ tí aráàlú ní nígbà tí ó bá ṣàṣìṣe.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni a ń pe ìmọ̀ tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí a mọ̀ mọ́ ọpọlọ ènìyàn: dídá ojú mọ̀, títúmọ̀ èdè, tàbí ṣíṣe ìpinnu lórí ìwé tí ẹnì kan kọ sí ìjọba. Kì í ṣe oògùn. Àpẹẹrẹ púpọ̀ ni a kó fún un, òun náà sì ń fi ohun tuntun wé ohun tí ó ti rí rí.

1. Bí ẹ̀rọ ṣe wọ ètò ìdìbò wa

Ní ọdún 2011, àjọ INEC fi kọ̀ǹpútà gba ìtẹ̀ka àwọn olùdìbò sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 2015, ẹ̀rọ tí ó ń ka káàdì dé ibùdó ìdìbò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún náà, ẹ̀rọ kò lè ka ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke. Ní ọdún 2020, INEC ṣí ojú òpó IReV, níbi tí aráàlú ti lè wo àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2021, ẹ̀rọ BVAS, tí ó ń yẹ ìka àti ojú wò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkìtì lò ó nínú ìdìbò gómìnà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Ọ̀ṣun sì lò ó ní oṣù keje. Ní ọdún 2025, INEC dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọgbọ́n àtọwọ́dá.

2. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe

Kí ìdìbò ọdún 2023 tó dé, ìforúkọsílẹ̀ tuntun 12,298,944 ni a parí. INEC lo ẹ̀rọ tí ó ń fi ìka wé ìka, tí ó ń fi ojú wé ojú, ó sì yọ 2,780,756 kúrò nínú wọn. Lára àwọn tí a yọ ni àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, àti orúkọ ayédèrú. Ojú ènìyàn nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Àǹfààní ńlá ni.

Ní ọjọ́ ìdìbò, òṣìṣẹ́ yóò fi BVAS wá orúkọ yín, ẹ ó sì tẹ ìka. Bí ẹ̀rọ kò bá dá ìka mọ̀, yóò ya ojú yín. Bí kò bá dá méjèèjì mọ̀, ẹ kò ní lè dìbò, bí káàdì ìdìbò tilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn yíjú padà sílé. Kí ó rí i dájú pé wọ́n ya ojú òun pẹ̀lú.

3. Ibi tí ẹ̀rọ ti lè ṣàṣìṣe

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àjọ owó orí lo ètò kọ̀ǹpútà láti tọ́ka sí àwọn òbí tí wọ́n lè máa fi èrú gba owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ. Ètò náà ka àìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà sí àmì ìfura. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni a ní kí ó dá owó ńláńlá padà láìṣẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wọ gbèsè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ìjọba náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, èyí tí ó ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó wà nínú àwòrán. Àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ fífúyẹ́ kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti obìnrin aláwọ̀ dúdú tó 34.7. Ẹ̀rọ tí kò rí ojú bí tiwa tó nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò lè mọ̀ wá dáadáa.

4. Ta ni yóò dáhùn?

Ẹ̀rọ kò ṣeé pè lẹ́jọ́. Ènìyàn àti àjọ tí ó lò ó ni ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun, iye ènìyàn tí BVAS yẹ̀ wò di àríyànjiyàn nílé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò fagi lé èsì náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí èsì tí INEC kéde múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Èyí fi hàn pé iye tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò, tí ó sì ń dájọ́.

Abala 47 Òfin Ìdìbò tí a ṣe ní ọdún 2022 là á sílẹ̀ nígbà náà pé bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ní ibùdó kan, tí a kò sì rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, a ó fagi lé ìdìbò ibẹ̀, a ó sì ṣe òmíràn láàárín wákàtí 24, bí ó bá hàn pé yóò yí èsì padà. Bákan náà, Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan ṣe lórí rẹ̀, àyàfi ní àwọn àyè tí òfin náà yà sọ́tọ̀.

5. Ojúṣe yín

– Ẹ yẹ orúkọ yín wò nígbà tí a bá gbé ìwé orúkọ àwọn olùdìbò síta. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé.
– Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ yín, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí lọ́wọ́ alábòójútó ibùdó. Ẹ má ṣe jà, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ.
– Bí ìbò kíkà bá parí, ẹ fi èsì tí a lẹ̀ mọ́ ibùdó wé èyí tí ó wà lórí IReV.
– Ẹ má tètè gba ohùn gbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, a fi ohùn ayédèrú tí ó jọ ti Ààrẹ Joe Biden pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire, Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má ṣe jáde dìbò.
– Bí olùdíje bá ṣèlérí pé ẹ̀rọ yóò máa pín owó ìrànwọ́ tàbí àyè ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi í pé: ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí ẹ̀rọ bá fojú fò yóò lọ?

Ẹ̀rọ lè ka ìbò, kò lè yan olórí fún wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú aráàlú ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ẹ ó ṣe bí BVAS kò bá dá ìka yín mọ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rí tí ẹ̀rọ pèsè àti ìdájọ́?
3. Dárúkọ iṣẹ́ ìjọba kan ní àdúgbò yín tí ẹ kò fẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu lórí rẹ̀. Sọ ìdí rẹ̀.