Bí owó orí ilé bá ju bó ṣe yẹ lọ

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìlàjẹ, bí wọ́n bá mú ìwé owó orí ilé wá bá yín, ẹ má fà á ya, ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó fi ránṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kó máa díye lé ilé àdáni. Ní 1998, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìjọba Kánò kò ní agbára láti gbé irú iṣẹ́ yìí fún Knight, Frank & Rutley.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yín. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tí omi ti gba ìdajì ibi tó ti ń yan ẹja, kí ló fẹ́ sanwó odidi fún? Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé tó kọjá. “Owó yìí pọ̀ jù” kò tó o, gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ibi tí àṣìṣe wà: yàrá méjì ló kù, mẹ́rin ni wọ́n kọ. Kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á.