Kẹ́ẹ̀gì, Yanrìn àti Ọmọ Odó

Àbúrò mi, fa àga rẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò pẹ́ tí mo gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi kẹta, mo ra epo pupa kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 10, ní ọjà Bódìjà. Nígbà tí mo délé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Mi ò tíì dé àárín tí ọmọńdinrín mi fi tú. Ìka tó tẹ̀ lé e náà tú. Mo ní kí n fi méjì tó kù àti àtàǹpàkò dì í mú, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ti bọ́, ìdérí rẹ̀ ti fò, epo sì ń ṣàn láti orí àtẹ̀gùn kan bọ́ sí èkejì títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ìsàlẹ̀.

Owó epo kọ́ ló dùn mí jù. Ẹsẹ̀ ò rẹ̀ mí o. Ẹ̀yìn ò ro mí. Mi ò mí hẹlẹ. Ọwọ́ nìkan ló já mi kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko ni mo ti fi ń lọ gbé irin ní jíìmù nígbà náà.

Mi ò ní bú jíìmù. Itan mi le níbẹ̀, ẹ̀yìn mi sì nà. Ṣùgbọ́n gbogbo irin ibẹ̀ ló ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ọwọ́ mu, wọ́n tún ha á kó má baà yọ̀. Ẹrù wo ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ayé tiwa? Àpò gaàrí ò ní ibi ìdìmú. Ẹrù isu ò ní. Ọmọ tó ti sùn lọ lé ọ léjìká ńkọ́? O mọ̀ pé ó máa ń wúwo ju ìgbà tí ojú rẹ̀ là lọ, torí nígbà tí ojú rẹ̀ là, òun náà ń di mọ́ ọ. Bó bá ti sùn, ó ti da gbogbo ara lé ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Irú ẹrù tí kì í bá ọwọ́ mu báyìí ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ara mi, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́ ná. Na ọwọ́ òsì rẹ síwájú. Fi ọwọ́ ọ̀tún di apá yẹn mú, nísàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀. Wàyí o, ká ìka òsì kò, ṣí i, tún un ká kò. Ṣé o gbọ́ bí ẹran apá ṣe ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ? Ibẹ̀ gan-an ni agbára ìka ti ń wá. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ló ti ibẹ̀ gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ fa ìka. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá fún aṣọ púpọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, apá ni í ro wá, kì í ṣe ìka.

Má sì fojú kékeré wo ọwọ́. Lọ́dún 2015, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 17, lára àwọn èèyàn tí iye wọn sún mọ́ 140,000. Wọ́n ní kí kálukú fún irin kan tó ń wọn agbára ọwọ́, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún ọdún mélòó kan. Fún kílò 5 kọ̀ọ̀kan tí agbára ọwọ́ ẹnì kan fi rẹlẹ̀ sí ti ẹlòmíràn, ewu ikú fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Kódà, ọwọ́ sọ òtítọ́ ju ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru lọ níbẹ̀. Kì í ṣe pé fífún irin ló ń mú ẹ̀mí gùn o. Ọwọ́ ló máa ń tú àṣírí ara: bí iṣan bá ti ń tán lára, ìka máa ń jẹ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ilé tí kò sí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú omi ni pé kì í rẹ́ni jẹ: omi lítà 1, kílò 1 ni. O ò nílò òṣùwọ̀n kankan. Wá kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì, mú ìgò omi lítà 1.5 tí a máa ń rà, kí o bu ìgò mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 6 nìyẹn lọ́wọ́ ọ̀tún, kílò 6 lọ́wọ́ òsì. Dúró sáàárín wọn, tẹ orúnkún, jẹ́ kí ìbàdí lọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó, kí o gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Má sọ èjìká sókè débi etí. Wo iwájú, kí o máa rìn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ogún ìṣísẹ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, má jù ú sílẹ̀. Mí dáadáa kí o tó rìn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Wàá ṣàkíyèsí pé kẹ́ẹ̀gì tí kò kún yọ ọ́ lẹ́nu ju èyí tó kún lọ. Omi inú rẹ̀ ń ṣe ṣàlà-ṣàlà, ó ń fà ọ́ síbí, ó ń fà ọ́ sọ́hùn-ún, ikùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ sì ní láti dúró le kó má baà gbé ọ yí. Iṣẹ́ tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o máa fi ìgò kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ara bá gbà á. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún yóò di kílò 25 lọ́wọ́ kan, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré mú ọ débẹ̀. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ.

Nígbà tí ìrìn yìí bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, má tíì fi omi kún un. Mú aṣọ ìnura, wé e mọ́ ibi ìdìmú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Gbé e wò. Omi kan náà ni, àmọ́ yóò dà bíi pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ohun tí a dì mú bá ti nípọn, ìka ò ní lè ká a yípo mọ́, àtàǹpàkò ò sì ní rí ibi ti ìlẹ̀kùn pa. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Thomas Inch, tó ní irin kan tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 78 lọ, ṣùgbọ́n tí ibi ìdìmú rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Àwọn alágbára tí ń gbé ìlọ́po irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ a fi ọwọ́ kan gbé e tì.

Àpò yanrìn ló kàn. Má lo àpò ìrẹsì kílò 50, ó ti tóbi jù. Ti kílò 10 ni kí o wá. Ra yanrìn gbígbẹ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, dì í sínú ọ̀rá méjì tó yi, tì í sínú àpò, kí o so ẹnu rẹ̀ pinpin. Má jẹ́ kó kún dẹ́nu. Ó yẹ kí yanrìn lè máa sá kiri nínú rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ kúrò lójú òjò, torí yanrìn tó bá fa omi á wúwo ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ gbé e, má fi ìka kọ́ etí àpò. Gbá a mọ́ra bí ọmọ, lọ́wọ́ méjèèjì, mọ́ àyà pẹ́kípẹ́kí, kí o máa jókòó sórí àpótí kí o sì máa dìde, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ìgbà tí o bá rí i pé o lè gbé ọmọ tó ti sùn láti inú ọkọ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì láìsinmi lójú ọ̀nà, wàá rántí mi.

Mo fẹ́ràn ọmọ odó jù nínú gbogbo wọn. Wá èyí tó fúyẹ́, má mú èyí tí o fi ń gún iyán kanlẹ̀. Dúró, lẹ ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ, fi ọwọ́ kan di ọmọ odó mú láàárín, lóòró, bí ọ̀pá. Jẹ́ kó máa dà sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, dá a padà, kí o wá dà á sí òsì. Márùn-ún fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sún ọwọ́ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì péré. Bí ọwọ́ bá ṣe ń jìnnà sí orí tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ni igi yóò ṣe máa wúwo sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kún un. Ọrùn ọwọ́ tó ń yẹ̀ bí a bá fẹ́ yí ìkòkò dà, oògùn rẹ̀ nìyí. Kí ọmọdé má wà nítòsí rẹ nígbà tí o bá ń ṣe é.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Iran, nínú ilé ìdárayá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní zurkhaneh, igi méjì tó rí gìrìwò ni wọ́n ń gbé yí èjìká ká bí ìlù bá ti ń dún. UNESCO ti kọ àṣà náà mọ́ ogún àjogúnbá aráyé lọ́dún 2010. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn, mugdar ni wọ́n ń pè é.

Ohun kékeré méjì ṣì kù. Fún tàwẹ̀lì tútù bí ẹni fẹ́ sá a, lọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, lósì lẹ́ẹ̀kan, títí omi kò fi ní kán mọ́. Lẹ́yìn náà, mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, fi í yí orí ìka márààrún ká, kí o máa ṣí ìka jáde sí i, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, ó sì ń dùn mí. Gbogbo ọjọ́ là ń di nǹkan mú, a kì í ṣí ọwọ́ pẹ̀lú agbára rárá. Ìnira ìgúnpá tó ń da àwọn kan láàmú, ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Irin onísípíríǹgì tí wọ́n ń tà, tí a ń fún pọ̀, dára, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí o máa ṣe gbogbo èyí. Iye ọjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fún iṣan lókun, ó kéré tán, nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé ni tèmi. Ẹran ara máa ń tètè le, àmọ́ àwọn iṣan bí okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ́ra. Ẹni tó bá ń fún ọwọ́ lójoojúmọ́ yóò fi ìrora gbà á.

Wàyí o, ohun tí mo torí ẹ̀ ní kí o sún mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àpò yanrìn kúrò nílẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ já sí mi lára. Ojú tì mí débi pé mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan, mo rò pé èmi nìkan ni. Kì í ṣe èmi nìkan rárá. Ẹran tó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró máa ń fà nígbà oyún àti ìrọbí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ti bímọ. Ṣùgbọ́n pé ó wọ́pọ̀ kò ní kí o gbà á mọ́ra. Dín ẹrù kù. Kí o tó gbé e, fa ẹran náà sókè nísàlẹ̀ bí ẹni ń mú ìtọ̀ dúró, kí o wá máa mí síta bí o ṣe ń dìde. Má sé èémí mọ́nú. Bí kò bá lọ, àwọn físíò wà ní ilé ìwòsàn ńlá, iṣẹ́ wọn ni, wọn ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó lóyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò bá sì ń dùn ọ́ wọ ọrùn ọwọ́, bí ó ti ń ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ, má fún ohunkóhun títí yóò fi lọ.

O tún bi mí lọ́jọ́ sí pé ṣé ara rẹ ò ní dà bíi tọkùnrin. Kò ní dà bẹ́ẹ̀. Èròjà tó ń mú iṣan ọkùnrin wú kéré gan-an lára wa. Wo àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń gbé irin: Folashade Oluwafemiayo ti kílò 167 sókè láti orí ibùsùn irin níbi ìdíje Paralympics ní Paris lọ́dún 2024, obìnrin kankan ní ìsọ̀rí rẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà, ó sì gba góòlù. Rafiatu Lawal àti Adijat Olarinoye gba tiwọn níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022. Bí o bá tún rí àwọn agbérin lórí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ wọn ni kí o kọ́kọ́ wò: àtàǹpàkò ni wọ́n ń fi sábẹ́, tí ìka yòókù á wá dì í pa mọ́ irin. Ó máa ń dùn wọ́n o, ṣùgbọ́n irin ò ní yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ lè yi díẹ̀ ná. Fi òrí pa á lálaalẹ́.

Ìyá mi wá gbé pẹ̀lú wa lẹ́yìn Iléyá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ọwọ́ yẹn ló fún aṣọ gbogbo wa nígbà tí a wà ní kékeré, àmọ́ wọn ò lè ṣí ìgò omi fúnra wọn mọ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe àlùwàlá, ọmọ ni wọ́n ń pè kó bá wọn gbé búútà. Mo fún wọn ní tàwẹ̀lì kékeré, mo fún wọn ní rọ́bà, mo bu omi lítà 2 sínú kẹ́ẹ̀gì fún wọn láti máa gbé lọ gbé bọ̀ ní pálọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ni mo ń fi àwọn ṣe. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń ṣàn ní bákóónì, mo yọjú. Ìyá mi ni, wọ́n ti bu búútà kún, wọ́n gbé e kọjá níwájú mi lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn ò tilẹ̀ wò mí.