Ọ̀tún Wẹ Òsì, Òsì Wẹ Ọ̀tún

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́. Bí a bá pa òwe yìí, ọwọ́ tó ń fúnni ni ọkàn wa sábà máa ń lọ sí. Ọwọ́ tó ń gbà náà níṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ oore gbà lè bà á jẹ́ mọ́ oníoore lọ́wọ́. Àwọn ará erékùṣù Shikoku ní ilẹ̀ Japan mọ èyí dáadáa.

Tẹ́ńpìlì ẹ̀sìn Búdà 88 ló wà lójú ọ̀nà tó yí erékùṣù náà po. Ọ̀nà ọ̀hún tó 1,200 kìlómítà, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn ín á lò tó ọjọ́ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí Kobo Daishi ni wọ́n ṣe ń rìn ín, àlùfáà àgbà tí wọ́n bí sí Shikoku lọ́dún 774, tó sì kú lọ́dún 835. Henro ni wọ́n ń pe arìnrìn-àjò yìí. Aṣọ funfun ló ń wọ̀, ọ̀pá á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà pé kò sí henro tó ń dá rìn: ọ̀pá yẹn ló dúró fún Daishi.

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà, ẹ kọ́ àṣà ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ń rìn ní Shikoku, ìyá àgbà kan lè fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko, kó yára bọ́ sí títì, kó ki ọsàn méjì bọ̀ yín lọ́wọ́. Osettai ni wọ́n ń pe irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, omi tútù ni, tàbí ẹyọ owó, tàbí àga níwájú ilé kí ẹ fi sinmi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ní "Ẹ wá jẹun," a lè ní "Á gba ibi ire," kí a máa lọ, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Ní Shikoku, ẹ má kọ̀ ọ́. Ìyá yẹn kò lè fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ 40. Ẹsẹ̀ yín ló fẹ́ fi rìn, Daishi tó ń bá yín rìn ló sì ń fún. Bí ẹ bá dá ọsàn rẹ̀ padà, ọ̀nà rẹ̀ lẹ dí.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ tẹrí ba, kí ẹ fún un ní osamefuda, ìwé pélébé tí ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sí, irú èyí tí henro ń fi sílẹ̀ ní tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan. Òsì ti wẹ ọ̀tún nìyẹn.

Ẹ má sì sọ oore di ẹ̀tọ́. Ẹ mú owó oúnjẹ àti owó ilé ìwọ̀sùn dání. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé kí ẹ máa retí. Bí ẹnì kan bá gbà yín sílé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ká ibùsùn láàárọ̀, ẹ gbálẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Bí henro bá dé ibùwọ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò, ìdí ọ̀pá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀, kó tó kan ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bó bá sì dé orí afárá, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá náà kanlẹ̀. Wọ́n ní nílùú Ozu, kò sẹ́ni tó gba Daishi sílé lọ́jọ́ kan, ló bá sùn sábẹ́ afárá. Òtútù àti ebi mú kí òru kan yẹn gùn lójú rẹ̀ bí òru mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe afárá náà ní Toyogahashi, afárá òru mẹ́wàá. Títí dòní, àwọn henro tó ń kọjá lórí afárá gbogbo ń rọra rìn, kí wọ́n má bàa jí àlejò tí wọn ò gbà sílé.

Ẹ̀yin onílé, ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Àlejò tí ẹ̀ ń wò yìí ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá lè se àsè. Láàárín tẹ́ńpìlì kẹtàlélógún àti ìkẹrìnlélógún, ó lé ní 70 kìlómítà. Ẹni tó bá gbé ife omi kan jáde níbẹ̀ ti ṣe ohun ńlá.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìyá àgbà àdúgbò bá bu ẹ̀pà sínú abọ́, tó gbé e wá bá yín, ẹ má yára sọ pé ẹ ti yó. Ẹ jókòó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ jẹ díẹ̀ níbẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì ṣàdúrà fún un.